Ìwé tí ìjọba há dé ilé gbogbo ènìyàn kí ọjọ́ ìdìbò tó pé: owó ta ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Lọ́dún 2016, ìyá mi lọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tọ́jú ọmọ tuntun ní London. Ìyá ti di olóògbé báyìí. Nígbà tí mo ń palẹ̀ àpótí wọn mọ́ ni mo rí ìwé pélébé kan tó ní àmì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lára, tó ń rọ àwọn ará ibẹ̀ pé kí wọ́n dìbò pé àwọn ò ní kúrò nínú àjọ ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo ilé ni wọ́n há a dé, ìjọba ló sì sanwó rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu. Ṣé ó tọ́ kí ìjọba fi owó gbogbo ènìyàn sọ ibi tó yẹ kí wọ́n dìbò sí? Bí ọ̀rọ̀ Ìpínlẹ̀ Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń sọ pé kí wọ́n yọ lára Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí bá di ohun tí a ó dìbò lé lórí lọ́jọ́ kan, ṣé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè wọ ilé tiwa náà? Ṣé kí n ju èyí tí mo rí nù ni, àbí kí n fi pamọ́?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún ìyá wa, á sì dá gbogbo ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ sí. Má tíì ju ìwé náà nù.

Mo mọ ìwé yẹn. Lọ́dún náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Manchester ya ojú ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, nítorí ó mọ̀ pé òfin ìdìbò ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ojú ewé mẹ́rìndínlógún ni. Ohun tó kọ́kọ́ jọ mí lójú ni pé kò pariwo. Ìwé ìpolongo tí àwa mọ̀ níhìn-ín, orí ẹni tó ń du ipò ló máa ń gba ìdajì bébà, lẹ́tà ńláńlá á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, bí ìwé tí báńkì máa ń kọ sí oníbàárà: iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 3 ló so mọ́ ọjà tí a ń tà sí Yúróòpù, bí a bá kúrò, owó pọ́n-ùn lè já wálẹ̀, nǹkan á sì wọ́n. Àkọlé rẹ̀ kò kúkú fi ohunkóhun pa mọ́. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé ìjọba gbà pé dídúró nínú àjọ náà ló dára jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fo àkọlé, tó ṣí inú rẹ̀, lè rò pé ìwé ìsọfúnni lásán ni òun ń kà.

Ilé tó tó mílíọ̀nù 27 ni wọ́n há a dé. Pẹ̀lú èyí tí wọ́n ná lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo owó tó bá a lọ jẹ́ mílíọ̀nù 9.3 pọ́n-ùn. Ìjọba ní bí a bá pín in, pẹ́ńsì 34 péré ló kan ilé kan. Ìṣirò yẹn kò tu ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Àwọn tó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá a dúró, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé aṣòfin ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún. Èsì ìjọba David Cameron, olórí ìjọba wọn nígbà náà, ni pé àwọn ará ìlú ló ń béèrè fún àlàyé, pé kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí.

Lóòótọ́ ni pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n dìbò lórí ọ̀rọ̀ Yúróòpù kan náà ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1975, ìwé mẹ́ta ni wọ́n há dé ilé kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ká dúró, kọ ọ̀kan, àwọn tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ kọ ọ̀kan, ìjọba wá kọ ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ ni ló sì wí. Méjì sí ẹyọ kan. Ìjọba fún ìhà kọ̀ọ̀kan ní 125,000 pọ́n-ùn, ó dọ́gba, ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé dé orí tábìlì, kò dọ́gba mọ́. Ìhà bẹ́ẹ̀ ni ló wọlé pẹ̀lú ìdá 67.2 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun tó dùn mí jù nínú ti ọdún 2016 ni àkókò. Wọ́n ní òfin kan láti ọdún 2000 tó sọ pé láàárín ọjọ́ 28 tó ṣáájú ìdìbò rẹfẹrẹ́ńdọ̀ọ̀mù (ìyẹn ìdìbò tí ará ìlú fúnra wọn fi ń pinnu ọ̀rọ̀ kan), ìjọba kò gbọdọ̀ gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde. Ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ni ìdìbò. Láti ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, ẹnu ìjọba á ti padé. Ìgbà wo ni ìwé dé ilé àwọn ará England? Ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 13 oṣù kẹrin. (Ní Scotland, Wales àti Northern Ireland, wọ́n dúró kí ìdìbò ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún kọjá ná.) Ọjọ́ 13 oṣù kẹrin yẹn gan-an ni àjọ elétò ìdìbò wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ yan ẹgbẹ́ tí yóò ṣáájú ìhà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 15 ni àkókò tí òfin ti ń ka owó ìpolongo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìhà kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ná ju mílíọ̀nù 7 pọ́n-ùn lọ. Nítorí náà, kí ẹni tí yóò fèsì tó ní orúkọ lábẹ́ òfin, ọ̀rọ̀ ìjọba ti wà lórí tábìlì ìdáná àwọn ará England. Wọn kò rú òfin. Wọ́n kàn gba ibi tí òfin kò dé kọjá ni.

Kí n má ṣe àbòsí: òfin kan náà fún ìhà méjèèjì láyè láti fi ìwé tiwọn ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, àjọ elétò ìdìbò náà sì há ìwé tirẹ̀ tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ìwé ìjọba kò sì ṣẹ́gun. Ìdá 51.9 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kí wọ́n kúrò. Mo mọ ọ̀pọ̀ tí wọ́n máa ń fi èyí parí àríyànjiyàn: wọ́n ní kò kúkú ṣiṣẹ́, kí ló wá kù? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí olè bá jalè tí ẹrù sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, olè ṣì ni. N kò pe ẹnikẹ́ni lólè o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe èsì ìbò la fi ń mọ̀ bóyá ohun kan tọ́.

Ṣé ó wá tọ́? Ìdáhùn mi ni pé kò tọ́, kì í sì í ṣe nítorí pé ìjọba sọ̀rọ̀. Olórí ìjọba lè sọ èrò ọkàn rẹ̀ lórí rédíò, ó lè gun orí pèpéle, ó lè kan ilẹ̀kùn wa kó bá wa sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ lè fi owó ẹgbẹ́ tẹ ìwé. Àpò tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ni ẹ̀sùn wà.

O mọ Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa n'Ìjẹ̀bú-Òde, ó kéré tán o ti rí wọn ní Ojúde Ọba. Ká ní ẹgbẹ́ kan fẹ́ dìbò lórí aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ síwájú Ọba lọ́dún yìí. Àwọn kan ní aṣọ òkè ni, àwọn kan ní léèsì ni, nítorí aṣọ òkè á wọ́n jù fún àwọn kan láàárín wọn. Alága bá lọ bá akápò, ó yọ nínú owó tí gbogbo ẹgbẹ́ dá, ó tẹ ìwé aláràbarà, ó ní kí wọ́n há a dé ilé olúkúlùkù pé aṣọ òkè ló bójú mu. Ẹni tó ń fẹ́ léèsì, owó tirẹ̀ náà wà nínú èyí tí wọ́n fi tẹ ìwé tó takò ó. Bó bá fẹ́ fèsì, àpò ara rẹ̀ ni yóò tún tọwọ́ bọ̀. Kódà kí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé alága jẹ́ òótọ́, ṣé ìpàdé ẹgbẹ́ yẹn kò ní gbóná?

Ohun tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ireland sọ nìyẹn lọ́dún 1995. Wọ́n fẹ́ dìbò bóyá kí òfin gba ìkọ̀sílẹ̀ láàárín tọkọtaya láyè. Ìjọba ya 500,000 pọ́n-ùn ilẹ̀ wọn sọ́tọ̀ láti fi polongo bẹ́ẹ̀ ni. Olóṣèlú obìnrin kan, Patricia McKenna, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ohun tó sì gbọ́dọ̀ yé ọ ni pé kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀ ni obìnrin yìí ń bá jà. Lílo owó ìlú fún ìhà kan ni. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá, nígbà tí ìdìbò ku ọ̀sẹ̀ kan, ilé ẹjọ́ dájọ́ pé ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi owó gbogbo ìlú gbe ìhà kan lẹ́sẹ̀. Ìjọba dá ìnáwó náà dúró. Wọ́n dìbò, bẹ́ẹ̀ ni ló borí, ṣùgbọ́n ìbò 9,114 péré ló fi borí nínú èyí tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ẹnìkan tún pe ẹjọ́ pé kí wọ́n fagi lé e nítorí owó tí ìjọba ti ná ṣáájú. Ilé ẹjọ́ kò gbà, wọ́n ní kò fi hàn pé owó náà ló yí èsì padà. Láti ọdún 1998 ni wọ́n ti wá ń gbé iṣẹ́ àlàyé lé ọwọ́ ìgbìmọ̀ tí kò sí lábẹ́ ìjọba, òun ló ń kọ ìwé tí wọ́n ń há.

O lè rò pé wọ́n ti kọ́gbọ́n. Lọ́dún 2012, ní ìdìbò lórí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé, ìjọba tún tẹ ìwé pélébé kan, wọ́n ní ìsọfúnni lásán ni. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n dìbò, ilé ẹjọ́ kan náà ní irọ́ ni, ìwé náà tì sí ìhà kan. Kò sí gbólóhùn "ẹ dìbò bẹ́ẹ̀ ni" kankan tó dún bí ìlù nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà to ọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n sọ àti ohun tí wọ́n fò, ni ilé ẹjọ́ wò.

Switzerland ni mo fẹ́ kí o gbé yẹ̀ wò jù, nítorí ọ̀rọ̀ tiwọn ló fara jọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí wa. Àwọn ará ibẹ̀ ń dìbò lórí òfin lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún. Ìwé pupa kékeré kan máa ń bá ìwé ìbò wọn wá sílé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ ìdìbò. Ìjọba ló ń kọ ọ́, ó sì ń sọ ìmọ̀ràn tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ta kò ó ní àyè tiwọn nínú ìwé kan náà. Mo fẹ́ràn èyí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Níbí, ẹjọ́ ẹni méjì ni wọ́n dì sínú ìwé kan.

Síbẹ̀, wò ó. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2016, wọ́n dìbò lórí owó orí: ṣé kí tọkọtaya tó ṣègbéyàwó yé san ju àwọn méjì tó kàn jọ ń gbé lọ? Ìwé pupa sọ pé tọkọtaya tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò ju bí 80,000 lọ. Ẹni tó bá ka ìyẹn á ní, ọ̀rọ̀ àwọn díẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló borí pẹ̀lú ìdá 50.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìjọba fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ni: àwọn tí kò bímọ nìkan ni wọ́n kà. Iye tó tọ́ jẹ́ 454,000. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé gbogbo ìdìbò náà, ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí sí ìdìbò ìjọba àpapọ̀ lóde òní ní ilẹ̀ wọn. Ènìyàn mélòó kan ló jókòó ní ọ́fíìsì tí wọ́n ṣe ìṣirò, kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè pé àwọn ọlọ́mọ ńkọ́, ìbò mílíọ̀nù ènìyàn sì bàjẹ́. Ìwé yẹn fún ìhà kejì láyè o, kò sì gbà á là. Ìhà kejì lè fi ọ̀rọ̀ bá ọ̀rọ̀ ìjọba jà. Iye tó wà nínú fáìlì ìjọba, níbo ni wọn yóò ti rí i?

Ní Ọsirélíà, àwọn aṣòfin tó gbà àti àwọn tí kò gbà ni wọ́n máa ń kọ tiwọn, ọ̀rọ̀ 2,000 fún ìhà kọ̀ọ̀kan, àjọ elétò ìdìbò á tẹ̀ ẹ́ pọ̀, á sì há a ó kéré tán ọjọ́ 14 ṣáájú. Àjọ náà kì í yẹ òótọ́ inú rẹ̀ wò. Ìyẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ó kan tiwa wàyí. Ní Nàìjíríà, ìwé òfin ọdún 1999 kò mẹ́nu ba rẹfẹrẹ́ńdọ̀ọ̀mù púpọ̀. Ó wà níbi tí wọ́n ti ń pe aṣòfin padà wálé, ó sì wà ní apá 8, níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ tuntun. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, lẹ́yìn tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣojú agbègbè náà, láti Àbújá dé ìjọba ìbílẹ̀, bá ti fọwọ́ sí ìbéèrè náà, àwọn ará agbègbè ọ̀hún fúnra wọn ni yóò dìbò, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ó kéré tán gbọ́dọ̀ gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún ku àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yòókù àti Àbújá. Títí di òní, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ti fi ìbò dá ẹkùn sílẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 1963, nígbà tí Mid-West kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n ní láti rí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn tí a wà nínú rẹ̀ yìí, àwọn ológun ló kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976. Wọn ò bi Ìjẹ̀bú, wọn ò bi Rẹ́mọ, wọn ò bi Ẹ̀gbá, wọn ò bi Yewa.

Nítorí náà, bí ìdìbò lórí Ìpínlẹ̀ Ìjẹ̀bú bá dé, ṣé ìjọba lè há ìwé dé ilé yín n'Ìkẹ́nnẹ́? N kò rí ohun tó dí wọn lọ́nà nínú apá 8. Òfin ìdìbò wa sọ pé wọn kò gbọdọ̀ lo ohun èlò ìjọba, títí kan rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba, láti gbe ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí olùdíje kankan lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú rẹfẹrẹ́ńdọ̀ọ̀mù, kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú, kò sí olùdíje. Bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń díje. Ihò tó wà nínú òfin wa nìyẹn, ó sì fẹ̀ tó ọkọ̀ ńlá. Ìjọba tó bá ń fẹ́ ìpínlẹ̀ tuntun lè gbà á kọjá, èyí tí kò bá fẹ́ náà lè gbà á kọjá.

Ronú sí irú iye tí yóò wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Èló ni yóò máa wọlé fún ìpínlẹ̀ tuntun? Báwo ni wọn yóò ṣe pín gbèsè Ògùn? Òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ Rẹ́mọ tó wà l'Abẹ́òkúta, ta ni yóò máa san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀? Ẹni tó bá ní ìwé ìṣirò lọ́wọ́ nìkan ló lè dáhùn, ìjọba ló sì ní in. Bí 80,000 bá lè rọ́pò 454,000 ní Switzerland tí àkọsílẹ̀ wọn gún régé, kí la fẹ́ sọ nípa tiwa?

Èmi ń fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin kí ọjọ́ náà tó dé: ìwé kan ṣoṣo, àjọ INEC ni kó tẹ̀ ẹ́, kí ìhà méjèèjì ní iye ojú ewé kan náà nínú rẹ̀, kí wọ́n fi iye owó yòówù tó bá wà níbẹ̀ síta fún àwọn onímọ̀ láti yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí ó sì dé ọwọ́ wa ní oṣù kan ṣáájú. Yorùbá ni kí wọ́n fi kọ ọ́, Yorùbá tí ìyá mi lè kà. Ilé tiwa kò ní ihò lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà bíi ti London. Nítorí náà, kí wọ́n gbé e dé ọjà Òkè-Àjẹ, dé Ṣágámù lọ́dọ̀ àwọn alóbì, dé mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì àti gáréèjì, kí wọ́n sì kà á lórí rédíò látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìhà méjèèjì.

Kí òfin yẹn tó wà, àfi ká máa bi ara wa ní ìbéèrè tí mo kọ́ lẹ́nu ìyá aládùúgbò wa kan tó ń din àkàrà. Nígbà ìdìbò kan, ọmọkùnrin kan já sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó kó ìwé pélébé bí ogún lé e lọ́wọ́, ó lọ. Ìyá nu ọwọ́ epo sára ìró, ó na ọ̀kan sí mi, ó ní, "Bá mi kà á. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà." Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Ìlérí wà níbẹ̀, àwòrán wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kò sí, orúkọ ilé ìtẹ̀wé kò sí. Ìyá gbà á padà lọ́wọ́ mi, ó fi di àkàrà náírà igba fún ọmọ kan. Nílùú Ọba, òfin ní ìwé ìpolongo rẹfẹrẹ́ńdọ̀ọ̀mù gbọ́dọ̀ gbé orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó gbé e jáde. Ìyá kò mọ òfin yẹn, òun ló sì kọ́kọ́ béèrè.

Ní ti èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, ṣí i, kí o wá gbólóhùn méjì kúkúrú kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: ìpinnu yìí, tiyín ni, ohun tí ẹ bá pinnu ni ìjọba yóò ṣe. Òfin tó gbé ìdìbò náà kalẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní oṣù kìíní ọdún 2017, àwọn adájọ́ 8 nínú 11 ní ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe òfin kí ìjọba tó lè fi ìwé ìkúrò ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín ìlú, gbólóhùn inú ìwé yìí ni àwọn tó fẹ́ kúrò dì mú. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ̀yin lẹ há a dé ilé wa." Ìwé tí wọ́n ná mílíọ̀nù 9.3 pọ́n-ùn lé lórí láti dá wọn dúró ló di ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn, títí orílẹ̀-èdè náà fi kúrò ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2020.

Nítorí náà, fi í pamọ́. Gbé e sínú ọ̀rá kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá rántí ọjọ́ tí ó wọlé, kọ ọ́ sí bébà mìíràn kí o fi há a, má kọ ọ́ sára ìwé náà. Bí o bá sì ń bọ̀ n'Ìjẹ̀bú-Òde, jọ̀wọ́ mú un dání. Fọ́tò rẹ̀ ni mo rí, ọwọ́ mi kò tíì kàn án rí.